Ọdún Tí A Gbé Kọ̀ǹpútà Lọ sí Alábà

Ní àgbàlá wa ní Okokomaiko, àkùkọ kọ́ ló ń jí wa. Ẹ̀rọ tí onílé fi ń fa omi ló ń jí wa. Yóò kọ́kọ́ wúkọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun, yóò dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láìdáwọ́dúró. Bó bá ti ń kùn báyìí, ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: garawa ń kọlu garawa, ìlẹ̀kùn páànù ń han, Ìyá Sẹ̀nàmí tó ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwa ń fi èdè Ẹ̀gùn ké sí àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń fi Yorùbá dá a lóhùn pé omi tutù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí igi àgbọn. Màámi a máa sọ pé ẹni tó gbálẹ̀ tí kò gbá kọ̀rọ̀, àlejò ló gbá a fún, kò gbá a fún ara rẹ̀. Mo máa ń gbá kọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú mi kì í kúrò lára wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá níbẹ̀, nítorí mo ti gbà nínú ọkàn mi pé wáyà yẹn mọ̀ mí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Láti ọjọ́ tí iná ti gbé mi lára áyọ́ọ̀nù Màámi, ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nídìí, ejò ni lójú mi. Ìtìjú ibẹ̀ ni pé ríwáyà ni Bàámi. Ìyànà-Ìbà ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, iná ọkọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, wọ́n lè fi ojú dídì mọ wáyà tó ń tan iná iwájú yàtọ̀ sí èyí tó ń tan tẹ̀yìn. Ọmọ ríwáyà tó ń sá fún wáyà, ọmọ apẹja tó ń sá fún omi ni. Ọ̀gágun ni Bàámi ń pè mí. ‘Ọ̀gágun, bá mi tan iná yàrá.’ Màá ní ọwọ́ mi tutù. ‘Ọ̀gágun, tan fáànù.’ Màá ní ooru ò mú mi, òógùn yóò sì máa ṣàn lójú mi bí òjò. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló máa ń dìde, tí á fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì náà, tí á sì fi ìka yẹn kan náà tọ́ mi nímú. ‘Mo ti pa á,’ ni yóò wí. ‘Kò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan mọ́.’

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni àkọ́bí, èmi ni àbíkẹ́yìn, àwọn tó yẹ kó wà láàárín wa kò dúró. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó máa ṣe mí bí ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń gé èékánná mi, òun náà ló sì ní kí n má fi ‘ẹ’ bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, pé mò ń sọ òun di ìyá ìjọ nígbà tí òun ò tíì lọ́kọ. Ó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ìdánwò yunifásítì ò sì gbà fún un. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ, òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún àwọn akọrin, títí tí ẹni tó ni kíbọ́ọ̀dù fi kó lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì tó sì gbé ẹrù rẹ̀ dání. Bàámi rò pé ọ̀rọ̀ orin ti tán nìyẹn. Kò tán. Oníbàárà wọn kan fún wọn ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan, irú èyí tó ní ẹ̀yìn bí ẹ̀yìn ìjàpá, ọ̀rẹ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀ kan sì bá a fi ètò tí wọ́n fi ń ṣe orin sínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń wá ẹ̀gbọ́n mi, kó má wulẹ̀ lọ jìnnà.

Àmọ́ máósì nìkan ló ní. Ohùn kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ kó wọ inú orin, á fi máósì mú un, á gbé e síbi tó yẹ, á gbọ́ ọ wò, á tún padà lọ mú òmíràn. Ó dà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, àfi pé òkúta náà ló fẹ́ sè. Èmi máa ń dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn wò ó, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, nítorí wáyà pọ̀ nídìí ohun náà bí ìfun adìẹ. Orin rẹ̀ máa ń dùn títí á fi dé ibì kan, á sì dákẹ́ lójijì, bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀. Ibi tó ṣe dé nìyẹn. Lọ́la, ó lè fi díẹ̀ kún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹ ẹ̀bà àti ilá pẹ̀lú ẹja ṣáwá, Bàámi nu ọwọ́. Tí Bàámi bá nu ọwọ́ kí oúnjẹ tó tán, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

‘Bọ́sẹ̀.’

‘Sà.’

‘Ìgbà wo lorin kan ṣoṣo yẹn fẹ́ parí?’

‘Ó ti ń parí lọ, sà.’

‘Ó ti ń parí lọ láti ìgbà ọyẹ́. Gbọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta ti ní kí n fi ẹ́ ránṣẹ́, kó o wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè ẹ́. Bí Àjíǹde bá fi dé tí n ò gbọ́ orin kan tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí nínú àpótí yẹn, o ti lọ nìyẹn.’

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, ta ni yóò máa tan fáànù fún mi? Ẹ wo ọ̀dájú ọmọ! Wọ́n ń pín ayé ọmọlọ́mọ lójú abọ́ ẹ̀bà, fáànù ni èmi ń rò. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà báyìí, mo sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́: bí ẹ̀rù bá tóbi jù fún mi, mo máa ń wá ohun kékeré kan di mú, kí n lè sọ pé òun ló ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe fáànù. Mi ò mọ bí ilé wa ṣe máa rí tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ò bá sí nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

‘Mídì ni mi ò ní, sà,’ ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wí. Kò gbójú sókè. ‘Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe é. Tí mo bá ní mídì, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni màá fi ṣe é.’

‘Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?’

‘Bíi kíbọ́ọ̀dù ni, sà, a máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.’

Bàámi wo Màámi, Màámi wo ilá. Bàámi kì í ṣe ẹni líle. Wọn ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n lé ọmọ kúrò nídìí iṣẹ́ láìfún un ní irin iṣẹ́. Ríwáyà wo ló lè ṣiṣẹ́ láìsí tẹ́sítà lọ́wọ́? ‘Ó dáa,’ ni wọ́n wí, wọ́n sì tún ọwọ́ bọ abọ́. ‘Sátidé, a dé Alábà.’

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé agbègbè wa, n ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ òfin ọjà Alábà fún yín. Wọn kì í ra ọjà tí wọn ò bá dán wò. Bó bá jẹ́ sípíkà lo fẹ́ rà, wọ́n á jẹ́ kó pariwo títí àyà rẹ á fi máa lù. Bó bá jẹ́ fáànù, á fẹ́ fìlà kúrò lórí rẹ. Tó o bá ti kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìwọ àti ọjà rẹ ló kù. Bàámi fẹ́ràn òfin yìí ju àwọn kan nínú òfin Ọlọ́run lọ. Nítorí náà, nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Wàsíù, ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ta ohun èlò orin tòkunbọ̀, tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ sì na ọwọ́ sí mídì dúdú gbọọrọ kan, Bàámi kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n kàn fi ìka tẹ ọ̀kan nínú àwọn eyín rẹ̀. Kò dún. Wọ́n tẹ dúdú, wọ́n tẹ funfun.

‘Ó ti kú,’ ni wọ́n wí.

‘Kò kú, sà,’ ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wí. ‘Kò ní ohùn tirẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ló ní ohùn.’

‘Kí lo wá ń rà lára ẹ̀?’

‘Eyín rẹ̀, sà.’

‘Eyín!’ Bàámi yíjú sí ọlọ́jà. ‘Àlàájì, ẹ bá mi gbọ́. Ọmọ mi fẹ́ ra eyín láìra ẹnu.’

Bọ̀dá Wàsíù rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jẹ́ kó pẹ́, kó má bàa lé oníbàárà. ‘Bàbá, òótọ́ lọmọ ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.’

‘Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n gbọ́.’

‘Mi ò ní kọ̀ǹpútà níbí, bàbá. Ẹni tó ń ra irú ẹ̀ máa ń ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí ná.’ Ó gbé kíbọ́ọ̀dù kan sọ̀kalẹ̀, aláwọ̀ fàdákà, tó ní sípíkà méjì bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì kan péré. Ohun náà bú sórin fúnra rẹ̀: ìlù, fèrè, jìtá, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alábàárù kan tó ń kọjá jó ẹsẹ̀ méjì kó tó rántí ẹrù orí rẹ̀. Ojú Bàámi tàn. ‘Ẹn-ẹ́n! Èyí mà ń sọ̀rọ̀!’

‘Kò ní ojú ihò tí mo lè fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, sà.’

‘Kí lo tún fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ṣé o ò gbọ́ ọ ni? Ó ń kọrin!’

‘Orin tirẹ̀ ló ń kọ, sà. Kì í ṣe tèmi.’

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo nìyẹn. Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Èmi ni mo jókòó láàárín wọn nínú ọkọ̀, tí mò ń rọra mí, kí n má bàa gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Lónìí, àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Àǹkù a máa gbé fóònù sí mi nímú. ‘Àǹkù, èwo ni ká rà nínú mídì méjì yìí? Èyí ní páàdì fún ìlù, tọ̀hún ní eyín tó pọ̀.’ Èmi tí mo fi ìwé kíkà sílẹ̀ kí ìwé tó fi mí sílẹ̀! Mo máa ń wọ awò ojú mi, màá wò ó bíi pé mo rí nǹkan. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láti sọ fún wọn: kí wọ́n lọ fi ọwọ́ ara wọn kàn án. Wọ́n á ní àgbà yìí ò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó fi ìka ẹlòmíràn yan ohun tí ìka tirẹ̀ yóò máa tẹ̀, tó sì gbádùn rẹ̀.

Ilé wa dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Kọ̀ǹpútà ò kọrin, Bàámi ò pè mí ní Ọ̀gágun. Àwọn ìránṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta pé ìgbà wo ni ọmọ ń bọ̀, Àjíǹde sì ń sún mọ́ tòsí. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Bọ́sẹ̀ mú mi dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. ‘Wò ó, bí a ṣe ń tan fáànù nìyí. Kọ́ ọ.’ Mo ní n kò kọ́ ọ. Ó ní kí n kọ́ ọ, nítorí òun ò ní sí níbí láti máa tàn án. Mo bú sẹ́kún, mo sì gbá bọ́tìnnì náà ní ẹ̀ṣẹ́. Iná ò gbé mi, bẹ́ẹ̀ ni fáànù ò tàn, kò kúkú sí iná lọ́jọ́ yẹn. Màámi tó ń ja ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Bàámi ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà tán tí Màámi fi sọ̀rọ̀.

‘Ẹ gbé e lọ.’

‘Gbé kí ni?’

‘Kọ̀ǹpútà. Ọlọ́jà ò ní, àwa ní. Àbí ó ti dàgbà jù fún ìrìn àjò ni?’

Bàámi dúró pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Wọ́n ń wá ibi tí àṣìṣe wà nínú ọ̀rọ̀ náà, wọn ò rí i.

Bí a ṣe di kọ̀ǹpútà bí ẹni di ìyàwó nìyẹn. Ìró Màámi méjì ni a fi wé gíláàsì rẹ̀, Bàámi gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé àpótí rẹ̀. Èmi ni wọ́n fún ní máósì. Mo fi í sínú ọ̀rá, mo sì na ọ̀rá náà síwájú bí ẹni tó gbé òkú eku. Ẹnu Alábà Rágò ni kẹ̀kẹ́ já wa sí, níbi tí wọ́n ti ń ta àgbò. Bàámi gbé gíláàsì náà lé orí bẹ́ǹṣì kan kí wọ́n lè tún ìró rẹ̀ dì, ìró náà sì yọ̀. Àgbò ńlá kan rí àgbò mìíràn nínú gíláàsì dúdú yẹn. Ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Gbogbo wa la mọ ohun tí àgbò ń lọ mú bó bá ń fi ẹ̀yìn rìn.

‘Bàbá, ẹ bo tẹlifíṣọ̀n yín!’ ni ẹni tó ni àgbò ké, tó ń fa okùn rẹ̀. ‘Ó rò pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀!’

Àǹtí Bọ́sẹ̀ sọ àpótí kalẹ̀, ó fi gbogbo ara bo gíláàsì náà. Èmi ńkọ́? Mo ti sá débi tí wọ́n ti ń ta koríko. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé mo gbé máósì dání.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Bọ̀dá Wàsíù dìde nígbà tó rí wa. ‘Ẹ gbé e wá lóòótọ́!’ Ó pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ wá wò wá, wọ́n sì wá. Ẹ̀yìn àwọn sípíkà tí wọ́n tò dókè àjà ni ojú iná wà, àlàfo ibẹ̀ ò gba àgbàlagbà. Bàámi wo àlàfo, wọ́n wò mí. ‘Ọ̀gágun,’ ni wọ́n wí. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn. Mo wo Àǹtí Bọ́sẹ̀. Kò bẹ̀ mí, ó kàn ń wé ìka rẹ̀ mọ́ra wọn. Mo wọ́ wọ ibẹ̀. Mo di ojú, mo ti ẹnu wáyà kọ̀ǹpútà bọ ojú iná, mo sì ké tòò, kí iná tó gbé mi, kí igbe mi má bàa pẹ́ dé. Iná ò gbé mi. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín títí mo fi jáde, eruku lórí, omi lójú.

Wọ́n so mídì dúdú gbọọrọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ̀ǹpútà ò dá a mọ̀, Bàámi ti ń mi orí. Àǹtí Bọ́sẹ̀ yọ ọ́, ó fi bọ ihò mìíràn, ó tẹ eyín kan, ohùn pianó sì jáde láti inú sípíkà tó wà lápá ọ̀hún. Bàámi tẹ etí mọ́ mídì. Wọ́n lọ tẹ etí mọ́ sípíkà. Wọ́n padà wá.

‘Ibí lò ń tẹ̀, ọ̀hún ló ń dún.’

‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà.’

‘Họ́ọ̀nù ni!’ Bàámi pàtẹ́wọ́. ‘Àlàájì, họ́ọ̀nù ọkọ̀ ni! Ta ló gbọ́ pé họ́ọ̀nù ń dún lórí sìtíárì rí? Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà. Ọwọ́ kàn ń ránṣẹ́ sí i ni.’ Wọ́n kọjú sí Àǹtí Bọ́sẹ̀ bíi pé ó fi nǹkan pamọ́ fún wọn. ‘O ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?’

Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ wọn ni. Wọn ò jẹ́ kó kọrin kankan. Wọ́n ní kó máa tẹ eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì, bí wọ́n ṣe ń dán iná ọkọ̀ wò. Lápá òsì gan-an, níbi tí ohùn tó rẹlẹ̀ wà, eyín mélòó kan ò dáhùn. Bọ̀dá Wàsíù ní wọn ò pọ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì òun ń gbé. Ó gbé ojú yí ṣọ́ọ̀bù náà po, ó sì mú mídì kékeré kan tí mo rò pé ti ọmọdé ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gùn ju ọwọ́ mi lọ. Ó dán gbogbo eyín rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ dáhùn. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ gidi, ohùn rẹ̀ le. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tó ń gbé ohùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, bí eyín bá tán lábẹ́ ọwọ́.

‘Èyí ni, sà.’

‘Bọ́sẹ̀, kékeré yìí? Mú ńlá, ká tún eyín ẹ̀ ṣe. Kí ará ìjọ rí i pé nǹkan la rà.’

‘Bàámi,’ ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wí, ‘èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́.’

Ẹnì kan kì í bá Bàámi sọ̀rọ̀ báyẹn nílé wa, ká má tiẹ̀ wá sọ lójú ọjà. Mo wo ilẹ̀. Àwọn aládùúgbò Bọ̀dá Wàsíù náà wo ilẹ̀. Bàámi wo ọwọ́ ọmọ wọn lórí ohun kékeré náà.

‘Àlàájì,’ ni wọ́n wí, ‘ẹ dì í fún un.’

Lórí tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé e sí nígbà tí a délé. N kò dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Mo wọlé, mo jókòó, àmọ́ mo ká ẹsẹ̀ sókè, ọgbọ́n ò pọ̀ jù. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí orin náà máa ń dákẹ́ sí, ó kọjá rẹ̀ bí ẹni kọjá ilé ẹni tí kò sí nílé. Níta, Ìyá Sẹ̀nàmí dẹ́kun gígún ata. Oòrùn ń wọ̀, Bàámi wà lórí àga wọn nínú àgbàlá, wọ́n ń tú iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò kúrò lójú kan. Àǹtí Bọ́sẹ̀ jẹ́ kí orin náà tún dún láti òkè, kò sì dákẹ́ títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Bàámi wọlé.

‘Ó parí?’

‘Ó parí, sà.’

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí mídì náà. Wọ́n nu ìka wọn mọ́ ṣòkòtò, wọ́n sì fi í tẹ eyín funfun kan. Ohùn àwọn akọrin jáde, ó gùn, kò já. Bàámi gbé ìka kúrò kíá, bí ẹni tó jí ẹlòmíràn lójú oorun. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì fi ìka síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ orí lójú fèrèsé sí Màámi tó wà nídìí ààrò.

‘Ìyá Bọ́sẹ̀, inú máa bí ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta o.’

Màámi ò gbójú kúrò nínú ọbẹ̀.

‘Ẹ jẹ́ kó bí wọn.’